Tíì ọ̀sán ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá Lọ́ńdọ̀nù: ṣé kí n gbé Màmá lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti máa pé 70 ọdún. Èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ gbé wọn lọ mu tíì ọ̀sán (afternoon tea) ní ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí wọ́n ń fi abọ́ alájà mẹ́ta gbé oúnjẹ wá. Ọkọ mi ní ìnákúnàá ni, pé ta ló ń fi 300 pọ́n-ùn ra búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àṣà òyìnbó ni, kí ló kàn wá níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé Màmá á gbádùn ẹ̀? Ṣé wọ́n lè wọ ìró àti bùbá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

* * *

Ẹ gbé wọn lọ.

Mo fi èsì ṣáájú torí ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ agbáwo nínú yàrá tíì òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ti padà jókòó bí àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ìgbà kan nínú ẹ̀ jẹ́ èmi àti ìyá tó bí mi. Mo mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkọ yín, torí òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí orúkọ wọn ń ró, bíi Ritz, Savoy àti Claridge's, tíì ọ̀sán ẹnì kan ti kọjá 70 pọ́n-ùn báyìí, kí èèyàn tó fi ṣáńpéènì kún un. Ká tiẹ̀ fi 70 gééré ṣírò ẹ̀: ẹ̀yin mẹ́rin, tí ọkọ yín bá bá yín lọ, 280 pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ń fi service charge, ìyẹn owó iṣẹ́ àwọn agbáwo, lé e, 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀, ìyẹn 35 pọ́n-ùn. Gbogbo ẹ̀ di 315. Owó gidi ni. Ẹni tí kò tíì san owó ilé oṣù yìí, tàbí tó máa lọ yá owó, kó má dán an wò. Inú ìyá kankan ò ní dùn pé ọmọ òun jẹ gbèsè nítorí kéèkì.

Ibi tí èmi àti ọkọ yín ti yà nìyí: wọ́n ń fi owó náà wé ìwọ̀n búrẹ́dì. Ẹni tó bá fi ojú ìyẹn wò ó á bínú títí á fi délé. Wákàtí bíi méjì lẹ ń rà, nínú yàrá tí wọ́n kọ́ kí ojú lè máa wo nǹkan tó dáa. Ní Savoy, abẹ́ òrùlé gíláàsì ńlá lẹ máa jókòó, ẹnìkan á máa tẹ dùùrù láàárín yàrá. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ẹlòmíràn ló ń bu tíì, ẹlòmíràn ló máa fọ abọ́. Ẹ ro iye ọdún tí Màmá yín ti fi ń dìde lórí oúnjẹ láti lọ bu ọbẹ̀ sí i fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo gbé ìyá mi lọ, wọ́n dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n wá ní, "Èmi náà mà jókòó lónìí." N ò rò pé mo ti ná owó kan láyé mi tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

* * *

Ẹnìkan dá sí i pé òun jẹun níbẹ̀, ebi sì ń pa òun nígbà tóun wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Mo gbà á gbọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń dùn mí, torí èèyàn dúdú bíi tèmi ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kì í béèrè.

Bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ náà wá nìyí. Àjà ìsàlẹ̀ ni sáńwíìṣì: búrẹ́dì tí wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kúrò, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́. Kùkúńbà wà nínú òmíràn, ẹyin wà nínú òmíràn, ẹja salmon tí wọ́n fi èéfín yan, adìyẹ, nígbà mìíràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àjà àárín ni scone, búrẹ́dì kékeré rìbìtì tí kò dùn púpọ̀, tí wọ́n ń fi jáàmù àti clotted cream jẹ. Clotted cream yìí ni ìpara mílíìkì tí wọ́n ti fi iná jẹ́jẹ́ sè títí tó fi ki. Ọ̀rá inú ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbòmíràn, scone kì í sí lórí abọ́ alájà rárá. Lẹ́yìn sáńwíìṣì ni wọ́n máa ń gbé e wá, wọ́n á fi aṣọ pẹlẹbẹ bò ó kó má baà tutù. Kéèkì wẹ́wẹ́ ló wà lókè pátápátá. Ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń jẹ ẹ́ gòkè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbá mú nìyí: ní ọ̀pọ̀ àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá, bí sáńwíìṣì bá tán, ẹ lè ní kí wọ́n tún un gbé wá, kò sí owó lórí ẹ̀. Tíì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi irú kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi òmíràn parí. Ti kéèkì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ ṣáà béèrè. Agbáwo kì í bínú sí ẹni tó ní kóun tún mú wá. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á dì í sínú páálí fún yín tẹ́ ẹ bá sọ. Ìyá mi ti ń wá nylon nínú báàgì wọn kí n tó sọ fún wọn, páálí tó dé lẹ́yìn náà sì lẹ́wà débi pé wọ́n gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí dòní.

Ẹnìkan tún bi mí pé Àlàájà ni ìyá òun, báwo ni wọ́n ṣe máa jẹun níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gba àyè pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ọtí, kí ẹ sì dárúkọ gelatin, ohun tí wọ́n ń fi awọ àti egungun ẹran ṣe, nígbà mìíràn ti ẹlẹ́dẹ̀, torí òun ló máa ń wà nínú àwọn kéèkì wẹ́wẹ́ tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú, abọ́ tiwọn máa dá wà. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó tán.

* * *

Ẹnìkan ní òun ti lọ sí high tea ní Ìkẹjà, pé nǹkan kan náà ni. Orúkọ ló yí padà lọ́dọ̀ wa. Tíì ọ̀sán ni wọ́n máa ń sọ pé Anna, Duchess ti Bedford, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840 sí i, nígbà tí àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì ti sún oúnjẹ alẹ́ sí aago mẹ́jọ, tí ebi á sì máa pa wọ́n láti aago mẹ́rin. High tea jẹ́ oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́: ẹran, búrẹ́dì, tíì tó dúdú dáadáa, oúnjẹ tó ń dúró níkùn. Nílé, àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ti sọ ti ọlọ́lá di high tea, ẹnikẹ́ni ò sì lè yí i padà mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, afternoon tea ni kí ẹ kọ.

Pé wọ́n ń pè é ní ti ọ̀sán kò ní kí ó jẹ́ ọ̀sán nìkan. Ní Ritz, ìjókòó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti aago 11:30 òwúrọ̀, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ 7:30 alẹ́.

* * *

Aṣọ. Ìró àti bùbá, bẹ́ẹ̀ ni. Gèlè, bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín ọdún mẹ́fà, n ò rí i kí wọ́n dá ìyá kankan padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí aṣọ ilẹ̀ wa. Ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, ojú ẹni tó rí ohun tó wù ú ni. Lésì tó dáa, gèlè tí kò ga jù kí ọwọ́ agbáwo lè kọjá, bàtà tí ẹsẹ̀ á fara mọ́.

Ọkọ yín ló yẹ kẹ́ ẹ máa ronú nípa ẹ̀. Ritz fẹ́ kí ọkùnrin wọ kóòtù, wọn kì í sì gba jíńsì tàbí bàtà kánfáàsì. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo rí àwọn tó wọ agbádá wá síbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ bá yàn, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

* * *

Mo fẹ́ dá àwọn ọ̀rẹ́ yín lóhùn dáadáa, àwọn tó ní àṣà òyìnbó ni, kí ló kàn wá níbẹ̀.

Ewé tíì fúnra ẹ̀, Ṣáínà ló ti wá. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ oko tíì ní Assam, ní Íńdíà. Ṣúgà tí wọ́n ń dà sí i ló kàn wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ní Cuba, Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n, oko ìrèké ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú lọ́dún 1807, wọ́n ṣe òfin tó dá ẹrú sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn lọ́dún 1833. Àmọ́ lọ́dún 1846, wọ́n ṣe òfin owó ibodè kan lórí ṣúgà, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀, ṣúgà Cuba àti ti Brazil, tí ẹrú ṣì ń fọwọ́ ṣe, ń wọ ọjà wọn bí èyí tó wá láti ilẹ̀ tiwọn. Àkókò yẹn gan-an ni Duchess àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń jókòó ti tíì ọ̀sán. Ó di ọdún 1886 kí ẹrú tó dòmìnira ní Cuba, ó di 1888 ní Brazil.

Mo kọ́ ìtàn yìí lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún mẹ́ta gbé àwo ṣúgà onígun mẹ́rin kiri. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi kì í kan àwo yẹn kí n má rántí wọn. Bí ẹnìkan bá wá ní kí obìnrin Ìbàdàn má jókòó síbẹ̀ torí pé kì í ṣe tiwa, èsì tèmi ni pé àwọn tó ṣáájú wa ti fi òógùn san owó àga yẹn, tipẹ́tipẹ́. Kí Màmá jókòó dáadáa.

Tíì fúnra ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ta ni kò jẹ búrẹ́dì Agége pẹ̀lú tíì lọ́dọ̀ oníṣáàyì, tó ń da á láti kọ́ọ̀bù kan sí èkejì lókè réré títí tó fi hó? Tíì ń hù lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Mílò pàápàá, tíì là ń pè é.

* * *

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà wọ irú tíì tẹ́ ẹ máa yàn, torí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyẹn. Wọ́n á fún yín ní ìwé tí tíì bí ogún wà nínú ẹ̀. Màmá tó mọ Lipton pẹ̀lú Peak, ẹ fún wọn ní Assam tàbí English Breakfast. Ó dúdú, ó lágbára, mílíìkì ò ní pa á kú. Earl Grey ní òórùn bergamot, èso kan tó jọ ọsàn. Ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní lọ́fínńdà ni. Lapsang Souchong, iná igi ni wọ́n fi ń gbẹ ewé ẹ̀ ní Ṣáínà, òórùn ẹ̀ dà bíi ti ẹja gbígbẹ. Èmi fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ fún Màmá.

Mílíìkì tí wọ́n máa gbé wá kò ní ki bíi ti agolo, ẹ ti sọ fún Màmá ṣáájú.

Ìjà mílíìkì ṣáájú tàbí tíì ṣáájú, ìjà jáàmù lábẹ́ tàbí lókè: àwọn ará Devon ń kọ́kọ́ fi cream, àwọn ará Cornwall ń kọ́kọ́ fi jáàmù, wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á dòní. Ẹ ṣe èyí tó wù yín.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn wa ń fi ìtìjú béèrè lọ́wọ́ mi: bí Màmá bá ki scone bọ tíì ńkọ́? Mo ti rí i tí ọmọ gbá ọwọ́ ìyá ẹ̀ mọ́ tábìlì nítorí ìyẹn, lójú gbogbo èèyàn, mo sì rí ojú ìyá náà lẹ́yìn náà. Kò jẹ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe é. Kò sí agbáwo kankan tó bìkítà. Bí wọ́n bá ti ń jẹ búrẹ́dì láti ọdún márùndínláàádọ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n jẹ ẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ níbí, mi ò sì fẹ́ fi sábẹ́ ahọ́n. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá mi lọ, òtẹ́ẹ̀lì náà fi wá sí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, atẹ́gùn á fẹ́, ariwo abọ́ á jáde. Tábìlì mẹ́rin ṣófo láàárín yàrá. Mo mọ iṣẹ́ yẹn, mo mọ̀ pé tábìlì tí wọ́n máa ń fi fún ẹni tí wọ́n rò pé kò ní sọ̀rọ̀ ni.

Ìyá mi ní kí n fi sílẹ̀. Mi ò fi sílẹ̀. Mo pe obìnrin tó mú wa wọlé, mo rọra sọ fún un pé ọjọ́ ìbí ìyá mi ni, pé a fẹ́ràn tábìlì ẹ̀gbẹ́ òdòdó yẹn jù. Ó ní wọ́n ti gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kò burú, a máa dúró títí ọ̀kan á fi ṣí. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi gbé wa lọ síbẹ̀, títí tá a fi lọ, ẹnikẹ́ni ò jókòó sí mẹ́ta yòókù.

Àwọn kan máa sọ pé mò ń rí ohun tí kò sí. Mo ti wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń pín tábìlì. Ohun tí mo ń sọ fún yín ni pé kí ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó jókòó, kí aṣọ ìnuwọ́ tó dé orí itan yín, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Tí oúnjẹ bá ti dé, ó ti ṣòro.

* * *

Nípa service charge: ẹnìkan ní kí ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, pé ọ̀gá ló ń jẹ ẹ́. Ní tòótọ́, níbi tí ìwé bá ti sọ pé kò pọn dandan, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe gbogbo owó yẹn ló ń dé ọwọ́ wa nígbà náà, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí gbogbo ẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá má mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá tọ́jú yín, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń da tíì fún yín, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń ro ó láti àárọ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá, ó ní ọkọ òun ti gbà, pé Ritz ni àwọn yàn, ọjọ́ ìbí sì bọ́ sí Sátidé. Mo bá yín yọ̀.

Ẹ sáré gba àyè lónìí, torí Sátidé máa ń kún ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Tí kò bá sí, ọjọ́ Túsìdé tàbí Wẹ́sìdé dáa jù, yàrá á rọlẹ̀. Ẹ mú ìjókòó aago 1:30, kí Màmá má fi òru wọ ọkọ̀. Ẹ fi oúnjẹ àárọ̀ díẹ̀ sí wọn níkùn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ ìbí ni, kí ẹ sì béèrè nípa àtẹ̀gùn tí orúnkún bá ń dùn wọ́n. Ibùdókọ̀ Green Park wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn tíì, ẹ rọra mú wọn wọ ọgbà Green Park, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí oúnjẹ lọ sísàlẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹ sì kó fóònù sí báàgì. Tí wọ́n bá mú yín dé tábìlì, ẹ jẹ́ kí Màmá gba àga tó kọjú sí gbogbo yàrá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gba èyí tó kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ máa wo ojú wọn.